Ọ̀rọ̀ Ńlá Tí Wọ́n Fi Ń Pe Ìyá Mi

Mo yege ìdánwò àtiwọ yunifásítì náà, kí n tètè sọ ọ́. Ẹ má bá mi yọ̀ jù.

Gírámà ńlá-ńlá ni wọ́n ń béèrè nínú rẹ̀, irú èyí tí ẹnikẹ́ni kì í sọ nínú taxi. Ìyá mi tó ń ta wíìgì ní Marshalltown, nílẹ̀ òkèèrè tí a ń gbé yìí, kò lè kọ́ mi. Àmọ́ obìnrin kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, lẹ́kíṣọ́rà ni, Midrand, níbi táwọn olówó pọ̀ sí, ni wọ́n ń gbé. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ni ọ̀rẹ́ mi, àwa méjèèjì la sì jọ fẹ́ ṣe ìdánwò yẹn. Lọ́jọ́ tó gbà kí n máa wá bá ọmọ òun kẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo Sátidé, ìyá mi fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀ lórí kọnkéré níbi tí wọ́n ń páàkì mọ́tò sí. Obìnrin náà kéré sí ìyá mi lọ́jọ́ orí. Kò ní kó dìde.

Láti ìgbà náà, gbogbo Sátidé ni ìyá mi ń jí se móínmóín tí mò ń gbé wọ ọkọ̀ ojú irin lọ fún wọn.

Àwọn ọ̀rọ̀ náà kì í dúró sí mi lórí. Ni mo bá ní ká máa fi wọ́n sọ àwọn àgbà ṣọ́ọ̀ṣì lórúkọ. Ṣebí Yorùbá ni wá, ta ni kì í fún èèyàn ní ìnagijẹ? Alàgbà tó ń gbàdúrà títí ọbẹ̀ fi ń jóná nílé di garrulous, aláròyé. Akápò tó ń ka omi inú ìgò mọ́ wa lọ́wọ́ di parsimonious, ahun paraku. Obsequious nìkan la ò rí ẹni fún, ẹni tó ń wólẹ̀ fún àwọn ọlọ́lá kí wọ́n lè fojúure wò ó. Ọ̀rẹ́ mi ní òun á wá ẹnìkan. Ó rẹ́rìn-ín, èmi náà sì bá a rẹ́rìn-ín.

Sátidé kan tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀, mo dé ẹnu géètì ẹ́síteètì wọn. Ẹ̀ṣọ́ pe ilé wọn lórí fóònù, ó sì ṣí sípíkà nítorí pé búrẹ́dì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì. Mo gbọ́ ohùn ọ̀rẹ́ mi tó ń kígbe sínú ilé.

"Mummy! Ọmọ Obsequious ti dé o!"

Ìyá rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Tell them to open jàre. Ṣé ó gbé móínmóín yẹn dání ṣá?"

"Shap, sisi," ni ẹ̀ṣọ́ wí, bí ẹni ní ó ti dáa, àǹtí, ó ṣí géètì fún mi.

Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Oúnjẹ ìyá mi ni wọ́n ń jẹ, ìyá mi náà ni wọ́n tún fi ń ṣe yẹ̀yẹ́, eré tí mo fọwọ́ ara mi dá sílẹ̀ ni wọ́n sì fi ṣe é! Síbẹ̀ mo wọlé, mo kúnlẹ̀, mo gbé kúlà móínmóín kalẹ̀. Mi ò tíì mọ gbogbo gírámà ìdánwò náà tán, mo ṣì nílò wọn. Ọ̀rẹ́ mi ní kí ló dé tí mo dákẹ́. Mo ní orí ló ń fọ́ mi.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn, obìnrin náà na ọwọ́ sí ìyá mi lójú gbogbo èèyàn. "Our own Obsequious!" Ọ̀rẹ́ mi ń wo bàtà ara rẹ̀. Ìyá mi kúnlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ó ń ya wíìgì kan ní ṣọ́ọ̀bù, ó ní, "Ọ̀rọ̀ ńlá tí Màdáámù fi pè mí lánàá, kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ìwọ lo mọ̀wé."

Ojú rẹ̀ ń dán. Mo ní, "Ẹni tó mọyì èèyàn ni, Mummy."

"Ẹn-ẹ́n! Mo mọ̀ pé ohun rere ni. Ó yá, kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń pè é."

Mo kọ́ ọ. Ó ń tún un pè títí ó fi mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tí oníbàárà kan wọlé, ó gbé wíìgì kalẹ̀, ó tẹríba fún un.

"Welcome, my sister," ló wí. "My name is Obsequious."