Ihò Tó Wà Lára Owó Fàdákà Ìyá Mi

Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ èyí, bẹ́ẹ̀ mo ti gbàdúrà lé e lórí.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, owó fàdákà kan wà nílé wa ní Odomẹ́ta, owó ayé àwọn Faransé, tó ní orí obìnrin kan tí wọ́n fi ọkà ṣe adé fún. Wọ́n lu ihò sí i lókè orí obìnrin náà, wọ́n sì fi òwú dúdú kọ́ ọ. Ọmọ tó bá ń hu eyín ni wọ́n ń so ó mọ́ lọ́rùn. Gbogbo wa la ti gé e jẹ. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ìwé àwọn sísítà, ìyá mi tà á fún obìnrin oníṣòwò kan kí n lè rí aṣọ ilé-ìwé wọ̀. Títí dòní ni mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run fún ilé-ìwé yẹn.

Lọ́dún yìí, ọmọ mi obìnrin bímọ. Ìyá mi, tí kò ríran mọ́, ní ohun tí òun ń fẹ́ kò ju pé kí òun fọwọ́ ara òun so owó yẹn mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ó ti lọ́ òwú dúdú sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá a kiri. Lẹ́yìn Máàsì, mo sọ fún arákùnrin kan nínú ẹgbẹ́ akọrin wa, tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ àti owó àtijọ́ lẹ́bàá ọjà Kétu. Mo ṣàpèjúwe rẹ̀ fún un dáadáa: obìnrin, adé ọkà, ihò lókè orí. Mo sì sọ ẹni tí ìyá mi tà á fún. Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́ pé òun ti rí i lọ́wọ́ àwọn ọmọ obìnrin oníṣòwò yẹn. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́.

Ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó gbé e lé orí aṣọ pupa. Ó mú òòfà jáde, ó fi kàn án.

"Ẹ wò ó, ẹ̀gbọ́n, òòfà ò gbé e. Fàdákà pọ́ńbélé."

"Òòfà kì í kúkú gbé bàbà pẹ̀lú."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin akọ̀wé."

Mo fi èékánná kan ihò náà. Tiwa, òwú ti jẹ ẹ́ lọ sókè láti ọrùn ọmọ dé ọrùn ọmọ, títí ó fi gùn bí ẹyọ ìrẹsì. Eléyìí rí roboto bí ojú ìṣó, etí rẹ̀ ṣì mú. Mo tan iná fóònù mi sínú rẹ̀. Inú pupa.

"Bàbà lo fi fàdákà bò."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń ka Ìwé Mímọ́ fún wa lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yin lẹ ń tan iná wo ohun tí arákùnrin yín mú wá? Ìgbàgbọ́ yín dà?"

"Ọlọ́run ni mo gbà gbọ́. Ìwọ, màá yẹ̀ ọ́ wò."

Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ mú un lọ bẹ́ẹ̀, màá dín in kù fún yín. Màmá ò kúkú ríran mọ́. Inú wọn á dùn."

Ibẹ̀ ni ara mi ti gbóná. Kì í ṣe nítorí bàbà. Ẹnu èmi fúnra mi ló ti gbọ́ ibi tí yóò lu ihò sí, ó sì wá fi ojú ìyá mi kún ọjà tó ń tà. Mo sọ fún un pé Ẹni tó dá ojú náà ń wò ó. Mo sọ ọ́ sókè, àwọn tó ń kọjá dúró wò wá, n kò sì kábàámọ̀.

Nígbà tí mo délé, ìyá mi ti tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀.

"Ṣé o mú un dé?"

"Ayédèrú ni, ìyá!" mo pariwo. "Ihò rẹ̀ rí roboto."

Ó fi àtàǹpàkò ra ìka rẹ̀, bí ẹni pé owó náà wà níbẹ̀. "Tiwa gùn," ó ní. Ó ní kí wọ́n gbé ọmọ wá, ó sì so òwú náà mọ́ ọn lọ́rùn lásán.

"Ohun tí mo fi owó yẹn rà ló dúró síwájú mi tó ń pariwo yìí," ó sọ fún mi.

Inú tirẹ̀ kò bàjẹ́. Tèmi ni kò tíì rọ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, nígbà tí fádà ní ká fún ara wa ní àlàáfíà, arákùnrin náà na ọwọ́ sí mi. Mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, nítorí Ọlọ́run. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Mo ti gba ọwọ́ mi padà kó tó rẹ́rìn-ín tán.