Kọ́kọ́rọ́ Ojú Ewé Tó Kẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ọdún ni Ìyáàfin Edith Fáṣadé fi kọ́ni ní lítíréṣọ̀ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Odogbolu. Ìwé ìtàn àròsọ àtijọ́ kan wà tí ó fẹ́ràn jù. Nínú rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ ilé kan ń hàn lemọ́lemọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ọkọ fi í lé ìyàwó lọ́wọ́, ìfọkàntán ni. Ní àárín ìwé, ìyàwó fi ń ti oúnjẹ mọ́ àwọn ọmọ orogún. Ó ti di agbára. Ní ìparí, obìnrin náà gbé e kalẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

"Òmìnira ni," Edith a wí. Kì í gba ìdáhùn mìíràn.

Gilbert, ọmọ orogún rẹ̀ olóògbé tí òun fúnra rẹ̀ tọ́ dàgbà, wà ní kíláàsì Edith rí. Ó kọ ọ́ sínú ìdánwò pé ńṣe ni wọ́n lé obìnrin náà. Edith mú un dìde kí ó kà á sókè. "Ẹ gbọ́ o, ọ̀mọ̀wé dé! Òdo!" Láti ọjọ́ náà, "Wọ́n-lé-e" ni wọ́n ń pe Gilbert títí ó fi jáde.

Nígbà tí ọkọ Edith kú, ẹbí péjọ sí ilé wọn ní Ìjẹ̀bú-Òde láti pín ogún ní ìdí-igi: ìyàwó tó bímọ nìkan ni wọ́n ń yọ ìpín fún, àwọn ọmọ rẹ̀ ló sì ń jogún un. Edith kò bímọ, ṣùgbọ́n ó ti fọkàn sí i pé Gilbert ni ìdí-igi òun.

"Ìyàwó, o ṣeun, o tọ́jú ọmọ wa," ni Alàgbà Ògúnwálé, olórí ẹbí, wí. "Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i la mọ̀. Ilé yìí bọ́ sí ìdí-igi tirẹ̀, Gilbert ló ni ín."

"Yàrá ẹ̀yìn yẹn ti tó mi. Gilbert, ọmọ mi, bá wọn sọ̀rọ̀."

Gilbert na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́, Mọ́mì."

"Níbo ni kí n lọ?"

"Kí ni kọ́kọ́rọ́ dúró fún lójú ewé tó kẹ́yìn?"

Edith di kọ́kọ́rọ́ náà mú ṣinṣin.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, kí kíláàsì gbọ́," ni Gilbert wí. Mosúnmọ́lá, àbúrò Gilbert láti ọ̀dọ̀ ìyàwó mìíràn, bú sẹ́rìn-ín.

Edith dáhùn sókè. "Wọ́n lé e ni."

"Ẹ kùnà, Mọ́mì. Òmìnira ni. Òdo!" Gilbert já kọ́kọ́rọ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rọra ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Àpótí rẹ̀ ti wà níta kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀.