Irin Ọkọ̀ Òfurufú Ẹ̀gbọ́n Mi

Bí mo bá ti gbọ́ ìró òòlù lórí irin, ẹ̀gbọ́n mi ni mo máa ń rántí, tí wọ́n ń kan ọkọ̀ òfurufú kékeré lẹ́yìnkùlé wọn ní Ẹdẹ. Wọn kì í gba páìpù irin kankan gbọ́ nítorí ọ̀dà tó ń dán lára rẹ̀. Wọ́n á gé díẹ̀ nínú rẹ̀, wọ́n á sì fi òòlù lù ú. Èyí tó bá tẹ̀ tí kò ṣẹ́ ni wọ́n ń lò.

"Àlàájì, ẹ óò na irin Ẹdẹ tán," ni ìyàwó wọn máa ń wí.

Lọ́jọ́ kan, páìpù tí ẹ́ńjìnnì ìbá jókòó lé ṣẹ́ lábẹ́ òòlù, ó ti dípẹtà nínú. Kí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n: àwọn oníṣòwò kan ń kun ògbólógbòó irin lọ́dà, wọ́n sì ń tà á bí tuntun. Ìwà apànìyàn ni.

A gbé irin tó ṣẹ́ náà lọ bá ẹni tó tà á. Èmi ń pariwo. Ẹ̀gbọ́n mi ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ni a ó jọ kọ́kọ́ fò," ni wọ́n wí fún un. "Iwájú ni wàá jókòó."

Ọkùnrin náà wo irin tó ṣẹ́ náà títí. Ó wọ ẹ̀yìn ìsọ̀ lọ, ó gbé òmíràn tí kò ní ọ̀dà jáde.

"Àlàájì, ẹ lù ú níbí, kí èmi náà rí i."