Mi Ò Mọ Orúkọ Bàbá Kẹ́mi

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jókòó tì mí díẹ̀ kí n ròyìn ohun tí ojú mi rí lóṣù tó kọjá fún yín. Kì í ṣe ìtàn ẹ̀rín o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ máa fi mí rẹ́rìn-ín níbì kan. Ẹ rín in. Èmi náà ti fi ara mi rẹ́rìn-ín títí, ó ti sú mi.

Gbádébọ̀ ni orúkọ mi. Bí bàbá mi ṣe sọ mí nìyẹn ní Ìsẹ́yìn. Àmọ́ láti ọdún mọ́kàndínlógún tí mo ti wà ní London yìí, ẹ wo ohun tí wọ́n ti sọ mí dà: Gabby, Mr Bado, Debby, Gladys! Bẹ́ẹ̀ ni, Gladys. Lẹ́tà kan dé láti ọ̀dọ̀ oníṣègùn eyín, wọ́n ní kí Mrs Gladys máa bọ̀ wá yọ eyín. Mo lọ. Kí ni mo fẹ́ ṣe? Eyín náà kúkú ń dùn mí.

Níbi iṣẹ́ cleaning tí mò ń ṣe ní Woolwich, supervisor wa ní ẹnu òun ò gba “gb” yẹn, ó ní ṣé kò burú tí òun bá ń pè mí ní Gary. Mo ní kò burú. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ náà ni, ẹ̀rù sì ń bà mí. Ká ní ó ní Fìlà ni òun fẹ́ máa pè mí, ǹ bá jẹ́ ẹ. Báyìí ni mo ṣe di gàrí. Àwọn ọmọ Yorùbá tó wà ní Thamesmead gan-an ti gbà á mọ́ wọn lẹ́nu: Uncle Gary.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń pe orúkọ mi bó ṣe yẹ kí wọ́n pè é. Bàbá Kẹ́mi ni.

Bọ́ọ̀sì àárọ̀ ló pa wá pọ̀, ní Yarnton Way. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni wọ́n, wọ́n á fi bí ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Iṣẹ́ security ni wọ́n ṣe kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Ìyàwó wọn ti kú, Kẹ́mi ọmọ wọn kan ṣoṣo wà ní Canada, wọ́n wá ń dá gbé. Ọdún mẹ́rìnlá la fi ṣọ̀rẹ́. Gbogbo Sátidé la máa ń lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì létí odò ní Royal Arsenal, níwájú àwọn flat olówó gọbọi yẹn, a ó máa jẹ ẹ̀pà, a ó máa wo ọkọ̀ ojú omi tó ń já èrò. Bàbá á ní, “Gbádébọ̀, kí ni wọ́n tún pè ọ́ lọ́sẹ̀ yìí?” Màá ka gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ fún wọn, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú wọn.

Ṣé ẹ kíyè sí nǹkan kan? Ọ̀rọ̀ orúkọ tèmi la máa ń sọ. Mi ò bi wọ́n léèrè tiwọn rí.

Báwo ni mo ṣe fẹ́ bi wọ́n? Ṣé wọ́n kọ́ ẹ̀yin láti máa bi àgbà pé kí ni orúkọ rẹ̀? Lọ́jọ́ tá a kọ́kọ́ pàdé, wọ́n ń bá Kẹ́mi sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Nígbà tí wọ́n gbé e sílẹ̀, mo ní ẹ káàárọ̀, Bàbá Kẹ́mi. Wọ́n ní káàárọ̀, ọmọ mi. Ó parí síbẹ̀.

Ó wá di Sátidé kan lóṣù tó kọjá. A jókòó sí àyè wa. Ọ̀rọ̀ Gladys yìí gan-an ni mò ń sọ fún wọn. Mo sọ ọ́ débi tí wọ́n ti pe Mrs Gladys tí ọkùnrin onírùngbọ̀n dìde, mo wá dákẹ́ kí wọ́n lè rẹ́rìn-ín. Mi ò gbọ́ ẹ̀rín. Ẹ̀pà dà sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rín ló mú wọn débẹ̀. Ìgbà tí mo wojú wọn ni mo rí i pé ẹnu wọn ti yí sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Obìnrin kan tó ń fa ajá kọjá ló bá wa pe ambulance. Èmi náà mú fóònù jáde o, àmọ́ calculator ni mò ń tẹ̀.

Ambulance dé. Ọkùnrin tó sọ̀ kalẹ̀ bi mí pé kí ni orúkọ ẹni yìí. Mo ní Baba Kemi. Ó ní èwo ni first name níbẹ̀? Mo ní mi ò mọ̀. Ó ní ṣé ìbátan wọn ni mí. Mo ní rárá. Ó ní ṣé mo fẹ́ bá wọn lọ nínú ọkọ̀. Mo ní rárá, màá wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé wọn.

Bọ́ọ̀sì! Ta ló ń wọ bọ́ọ̀sì tẹ̀ lé ambulance?

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ fún yín. Ẹ̀rù ọsibítù máa ń bà mí. Bàbá mi fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wọ ọ̀kan nílé, ńṣe la gbé wọn jáde. Láti ìgbà yẹn, tí òórùn oògùn bá ti kọlu imú mi báyìí, màá ti kọrí sẹ́nu ọ̀nà. Èmi tí mo jẹ́ akọni lórí bẹ́ńṣì, tí mò ń fi gbogbo òyìnbó ṣe yẹ̀yẹ́ pé ahọ́n wọn wúwo, mi ò lè jókòó ti ọ̀rẹ́ mi nínú ọkọ̀. Bí wọ́n ṣe ń ti ilẹ̀kùn, Bàbá Kẹ́mi ń wò mí. Ẹnu wọn nìkan ló yí. Ojú wọn ò yí rárá.

Mi ò tiẹ̀ béèrè ọsibítù tí wọ́n ń gbé wọn lọ. Mo gbà pé èyí tó sún mọ́ wa jù ni. Mo kọ́kọ́ lọ sílé, mo sọ fún ara mi pé mo fẹ́ wá ẹ̀wù tí wọ́n máa pààrọ̀. Irọ́ ni. Tíì ni mo jókòó mu, ife mẹ́ta. Ìgbà tí tíì tán ni mo tó jáde lọ sí ọsibítù náà.

Ọmọbìnrin tó wà ní reception bi mí lórúkọ wọn. Mo ní Baba Kemi. Ó tẹ̀ ẹ́, kò rí i. Surname ńkọ́? Mi ò mọ̀. Ọjọ́ ìbí? Mi ò mọ̀. Address? Mo mọ ilé náà, mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn rẹ̀ pupa, mi ò mọ nọ́ńbà. Ó ní ṣé ìbátan ni mí. Lọ́tẹ̀ yìí mo gbọ́n, mo ní àbúrò wọn ni mí. Ọmọ náà gbójú sókè. Ó ní ṣé àbúrò ẹni lè má mọ surname ẹ̀gbọ́n rẹ̀? Kò fi ìbínú sọ ọ́ o. Àánú mi ló ṣe é, ìyẹn gan-an ló dùn mí jù.

Mo jáde, mo jókòó ní bus stop, mo bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn èèyàn. Pastor wọn ní Daddy Kẹ́mi ló wà nínú ìwé ìjọ. Bábà tó ń gẹrun fún àwa méjèèjì ní Chairman lòun mọ̀ wọ́n sí. Chairman kí ni? Ó ní òun náà ò mọ̀. Mo pe ìyá tó ń ta iṣu, epo àti èlùbọ́ ní Woolwich, tí Bàbá Kẹ́mi ti ń rajà lọ́wọ́ wọn tipẹ́tipẹ́. Ìyá wo fóònù wọn, wọ́n ní, “Gary, Baba Epo Kékeré ni mo kọ síbí. Wọn kì í ra ìgò ńlá.”

Mo wo fóònù tèmi. Ẹ̀gbọ́n Bus Stop ni mo fi save wọn. Mo pè é, kò wọlé. Ọdún mẹ́rìnlá, Ẹ̀gbọ́n Bus Stop!

Gbogbo wa la bọ̀wọ̀ fún wọn. Gbogbo wa la fún wọn lórúkọ. Kò sí ìkankan nínú wa tó ní tiwọn lọ́wọ́.

Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, mo lọ sílé wọn. Mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Mo ṣí ihò tí wọ́n ń gbà ju lẹ́tà wọlé, mo yọjú. Lẹ́tà mẹ́ta wà nílẹ̀, gbogbo wọn dojú dé. Orúkọ ọkùnrin náà nìyẹn nílẹ̀, kò jìnnà sí mi ju ìgbọ̀nwọ́ méjì lọ! Mo lọ wá hanger irin, mo tọ́ ọ, mo dọ̀bálẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn ẹni ẹlẹ́ni, mò ń yọ lẹ́tà bí ẹni ń yọ ẹja. Ó kù díẹ̀ kí ọ̀kan ṣípò ni mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi. Obìnrin tó ń gbé ilé kejì ni, ó ní kí ni mò ń wá. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ọkùnrin dúdú, hanger lọ́wọ́, ikùn nílẹ̀. Ìró sáírẹ́ìnì ọlọ́pàá ti ń dún lọ́kàn mi. Mo dìde, mo sì sá. Èmi, ẹni ọdún méjìdínlọ́gọ́ta, mo sá títí dé Yarnton Way.

Ká ní mo dúró, ká ní mo ṣàlàyé fún obìnrin yẹn, bóyá ó mọ orúkọ wọn. Mi ò ní mọ̀ láéláé.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Pastor pè mí padà pé ẹni tí ẹnu bá yí lójijì, ọsibítù mìíràn tó jìnnà ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Nígbà tó di Mọ́ńdè tí mi ò ní iṣẹ́, mo wọ bọ́ọ̀sì méjì àti ọkọ̀ ojú irin lọ síbẹ̀. Mo tún bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun: Baba Kemi, mi ò mọ surname, mi ò mọ ọjọ́ ìbí. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró. Ọmọ wa ni. Ó ní, “Uncle, ẹ fi orúkọ sílẹ̀ ná. Kí ló ṣe wọ́n?” Mo ní ẹnu ló yí, létí odò, lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní kí n tẹ̀ lé òun.

Bí mo ṣe ń rìn, mo di ara ògiri mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Mo ṣáà dé ibẹ̀.

Àwọn ni lóòótọ́. Ọ̀já kan wà ní ọrùn ọwọ́ wọn, wọ́n kọ Unknown Male sí i. Apá ọ̀tún ti kú, ẹnu ò lè sọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì ní iná ti tán nínú fóònù wọn, kò sì sí ìwé kankan lápò wọn àfi káàdì bọ́ọ̀sì tí kò lórúkọ lára. Ó ní kí n bá àwọn bi wọ́n léèrè, bóyá wọ́n á gbọ́ ohùn mi.

Mo tẹ̀ sún mọ́ wọn. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ forí jì mí. Kí ni orúkọ yín?”

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti ọdún mẹ́rìnlá. Ẹnu wọn mì, itọ́ ló jáde. Mo wá di ọwọ́ òsì wọn mú, mo ní tí mo bá pe orúkọ wọn, kí wọ́n tẹ ọwọ́ mi. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀, bí tíṣà tó ń pe register. Adéyẹmí. Ọlátúnjí. Babátúndé. Káyọ̀dé. Joseph. Àwọn orúkọ Ìjẹ̀bú tí mo mọ̀, mo pè wọ́n tán. Mọ́kànlélógún ni mo pè. Ọwọ́ wọn ò mira.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n la ẹnu pẹ̀lú agídí. Ohun tó jáde ni, “Ba… bọ̀.”

Nọ́ọ̀sì yára mú bírò, ó rò pé orúkọ wọn ti jáde. Mo ní kó má kọ ọ́. Mo ní èmi ni wọ́n ń pè.

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbogbo àwọn tó ti ṣi orúkọ mi pè ní ìlú yìí, èyí nìkan ló dùn mọ́ mi. Orúkọ tèmi ló ṣẹ́ kù sẹ́nu wọn. Tiwọn ò sí lẹ́nu mi.

Nọ́ọ̀sì náà ní òun máa bá wọn wá ṣájà. Lọ́jọ́ Túsìdeè mo lọ síbi iṣẹ́, nítorí mi ò mọ bí mo ṣe máa tọrọ àyè lọ́wọ́ supervisor. Tó bá ní ta ló ń ṣàìsàn, ta ni mo fẹ́ wí? Bí ẹ̀rù ṣe tún gba ọjọ́ kan lọ́wọ́ mi nìyẹn.

Ọjọ́rú ni mo padà débẹ̀. Wọ́n ti kọ orúkọ wọn sórí pátákó tó wà lókè bẹ́ẹ̀dì, first name, surname, lẹ́tà kan ò yingin. Wọ́n ti rí ṣájà, Kẹ́mi ti pè láti Canada, ó ti sọ gbogbo ẹ̀ fún wọn. Bẹ́ẹ̀dì ti ṣófo, Bàbá Kẹ́mi ti dákẹ́ lóru. Wọ́n ti tẹ́ aṣọ funfun míì sí i.

Mo dúró níbẹ̀, mo ka orúkọ náà. Kò sí nínú mọ́kànlélógún tí mo pè.

Kẹ́mi pè mí lẹ́yìn náà. Ó ní ṣé ẹ̀yin ni Uncle Gbádébọ̀, ó pè é dáadáa bíi ti bàbá rẹ̀. Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mi ò dá bàbá òun dá nǹkan náà. Mi ò lè sọ ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀sì fún un. Ẹ̀yin ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́ fún.

Ẹ ó máa retí kí n kọ orúkọ wọn síbí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gbìyànjú rẹ̀. Ọwọ́ mi kọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni.

Ẹ̀kọ́ wo ló wà níbẹ̀? Kí ẹ bọ̀wọ̀ fún àgbà, ó dáa, àmọ́ ẹ béèrè orúkọ wọn kí ẹnu wọn tó yí. Tí wọ́n bá ní kí ẹ bá wọn wọ ambulance, ẹ wọ̀ ọ́. Èmi ti gbìyànjú láti bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ara mi. Mo kọ orúkọ mi tán pátá sórí ìwé, mo fún bábà pé kó fi pamọ́, ẹni ò mọ̀la. Ó kà á, ó fi í sápò. Ó ní kò burú, Uncle Gary.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ẹ wo ẹni tó sún mọ́ yín jù nínú fóònù yín, kí lẹ fi save rẹ̀? Ta ló sì mọ tiyín níbi tí ẹ wà? Ẹ kọ ọ́ síbí, orúkọ tí wọ́n fi sọ yín gan-an. Màá kà wọ́n sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe kà á lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì yẹn. Kò ní ran ẹni tó ti lọ lọ́wọ́. Ẹ ṣáà kọ ọ́.