Àlejò Ọlọ́wọ́ Mẹ́wàá

Nígbà èwe mi, ọwọ́ òsì nìkan ni mo fi gbé akọ màlúù láti Pọbẹ̀ dé Sàkẹ́tẹ́. Síbẹ̀, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin lágbára jù mí lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá pàṣẹ fún un, á ní, "Mo gbọ́," á sì jókòó.

Oníṣòwò ará Íńdíà kan ní Àjàṣẹ́ ló sọ ìtàn òrìṣà obìnrin ilẹ̀ wọn fún un: ọlọ́wọ́ mẹ́wàá, tó pa ẹfọ̀n burúkú tí àwọn òrìṣà ọkùnrin ń sá fún. Lọ́dọọdún ló ń wá kí ìyá rẹ̀. Wọn á fi amọ̀ mọ ọ́n, wọn á ṣe é lálejò, wọn á sì sìn ín sódò, kó padà sílé ọkọ. Ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi náà bá ń ṣe é, ó ń fi osùn kun ère amọ̀ náà níwájú orí.

Lọ́jọ́ ìdágbére, gáàdì kòmáńdà òyìnbó tó ń ṣàkóso agbègbè wa dé, ó ń kó èèyàn lọ ṣiṣẹ́ tipátipá.

"Ìyá, ó yá, ẹ bọ́ síbi iṣẹ́ ọ̀nà!"

"Mo gbọ́." Ó jókòó. "Mo lálejò."

"Ọwọ́ kò tó níbẹ̀!"

"Ẹni yìí ní mẹ́wàá. Bẹ̀ ẹ́ wò."

Gáàdì sá lọ, fìlà rẹ̀ bọ́ sẹ́rẹ̀.

Irọ́ kan ṣoṣo tí mo pa ni pé gáàdì sá. Ó nà án lẹ́gba níṣojú wa. Nígbà tó rẹ gáàdì, ẹ̀gbọ́n bàbá mi dìde, ó gbé àlejò rẹ̀, ó sìn ín dódò.