Mẹ́jọ Mẹ́ta Ló Yẹ Kí N Rí

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi díẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀. Láti àná ni mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí tí mo tún ń pa á rẹ́. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n bí mo bá dákẹ́, tí irú rẹ̀ sì ṣe ẹlòmíràn, kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ mí ní Ṣábẹ̀ mọ̀ pé kajú ni mo ń rà. Bí àsìkò rẹ̀ bá ti dé, èmi àti Sàká, ọlọ́kadà tó máa ń gbé mi, a kì í jókòó sójú kan. Òní abúlé Boni, ọ̀la Sakin. Àwọn tó sún mọ́ mi sì mọ̀ pé ó ti pé ọdún mẹ́ta tí èmi àti àìsàn ṣúgà ti jọ ń fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Ṣakí ló fi ẹ̀rọ kékeré kan ránṣẹ́ sí mi, èyí tí wọ́n fi ń wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀. Kò tóbi ju ọṣẹ ìwẹ̀ lọ. Ẹ ó tẹ bọ́tìnnì rẹ̀, ẹ ó fi abẹ́rẹ́ gún ìka, ẹ ó kan ẹ̀jẹ̀ mọ́ páálí tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lẹ́nu rẹ̀, nọ́ńbà á sì jáde lójú rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì kan, ọmọ Pọ́bẹ̀ tí ìjọba gbé wá sí ìlú wa, ló kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ó ní bí nọ́ńbà náà bá wà lábẹ́ 70, kí n tètè lá ṣúgà. Bó bá kọjá 250, kí n máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun.

Ó tún sọ ohun kan. Ó ní bí mo bá ti tẹ bọ́tìnnì, kí n tó kan ẹ̀jẹ̀ sí i, mẹ́jọ mẹ́ta á kọ́kọ́ yọ: 888. Kí n wò ó dáadáa.

Mo bi í pé kí ni mo fẹ́ fi mẹ́jọ ṣe nígbà tí kì í ṣe ṣúgà mi. Ó rẹ́rìn-ín.

“Ìyá Bísí, ẹ̀rọ náà ń fojú ara rẹ̀ hàn yín ni, pé òun ò tíì fọ́jú.”

Mo ní mo ti gbọ́. Ṣé mo gbọ́ lóòótọ́?

Ní ọjọ́ kan báyìí, a wà ní Boni. Oòrùn ọjọ́ náà ò ṣeé fẹnu sọ! Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí àga ọ̀kadà, àga dúdú o, mo sì bá àwọn àgbẹ̀ lọ síbi òṣùwọ̀n. Ìgbà tí mo fi padà dé, gbogbo ojú ẹ̀rọ náà ti dúdú bí èédú. Kò sí nọ́ńbà, kò sí nǹkan kan. Mo tẹ bọ́tìnnì títí.

Sàká yọjú wò ó. “Ìyá, ẹ̀rọ yín ti wọ gíláàsì oòrùn!”

Èmi ò rẹ́rìn-ín o. Omi ti ń lé sí mi lójú. Mo ní kó máa gbé mi lọ sílé kíá.

Àlájà tó ń ta omi tútù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa ní kí n má ṣèyọnu. Ó ní ohun tí ooru bá bà jẹ́, òtútù ló ń tún un ṣe. A gbé e sínú fíríìsà rẹ̀, láàárín ọ̀rá omi dídì. Kò pé wákàtí kan tí a gbé e jáde, dúdú náà ti lọ! Ojú rẹ̀ mọ́ kedere. Ó ń làágùn, mo sì fi etí ìró mi nù ún.

Àlájà ní, “Ṣé o rí i? Ara ló gbóná. Èmi náà dókítà ni!”

Bí mo ṣe gbà pé ó ti sàn nìyẹn.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tẹ bọ́tìnnì. Mo rí mẹ́jọ. Mo kan ẹ̀jẹ̀ sí i. Ó ní 68.

Ha! Ó ti wálẹ̀ jù! Mo lá oyin ṣíbí méjì. Ní ọ̀sán, ó ní 64. Mo mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò ìgò kan. Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, 71. Mo rò ó pé oògùn mi ló ń fa ṣúgà náà wálẹ̀ jù, mo bá dá a dúró. Èmi ni mo dá a dúró o, kò sẹ́ni tó ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣúgà onígun ò sì kúrò nínú báàgì mi.

Ara mi ò balẹ̀ rárá. Mo mu omi mu omi, ẹnu mi gbẹ bí ewé kajú. Ìtọ̀ ò jẹ́ kí n jókòó. Ojú mi ń ṣe bàìbàì. Bí mo bá jókòó, ó ń ṣe mí bíi kí n dìde. Bí mo bá dìde, ó ń rẹ̀ mí. Bàbá Bísí, ọkọ mi, ń wò mí.

“Ìwọ yìí, gbogbo adùn tó ò ń dà sẹ́nu yìí, ṣúgà rẹ ò tún gòkè?”

Mo ní, “Ẹ wò ó fúnra yín. Ẹ̀rọ kì í purọ́.”

Ó wò ó. Òun náà rí ohun tí mo rí. Kí ló tún fẹ́ sọ?

Ní ọjọ́ kẹrin, ẹ̀rọ ní 82. Inú mi dùn pé ó ti ń gòkè díẹ̀. Mo gun ọ̀kadà, a forí lé ọ̀nà Okpara. A ò tíì rìn jìnnà tí Sàká fi rí i pé mi ò dá òun lóhùn mọ́. Òun ló sọ èyí fún mi, nítorí èmi ò rántí. Ó ní orí mi kàn rọ̀ sí òun léjìká. Ó yà sẹ́bàá ọ̀nà, ó pe ẹnì kan tó ń kọjá, wọ́n fi mí sáàárín bí àpò, wọ́n gbé mi padà sí ilé ìwòsàn.

Bí mo bá jábọ́ lórí eré ńkọ́? Bó bá jẹ́ pé èmi nìkan ni mo wà nínú oko ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ ronú kàn án.

Nígbà tí mo lajú, wọ́n ti fa omi sí mi lápá. Nọ́ọ̀sì ọmọ Pọ́bẹ̀ dúró tì mí, kò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó ní ẹ̀rọ tiwọn fi hàn pé ṣúgà mi fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 500, ó sì bi mí pé kí ni tèmi sọ láàárọ̀. Mo ní 82.

Ó wá ní, “Mẹ́jọ ńkọ́? Ẹ rí wọn?”

Mo ní mo rí wọn.

“Mélòó lẹ rí?”

Ẹ̀yin ará! Èmi tí mo ń ka àpò kajú láti àárọ̀ dìrọ̀lẹ́! Mo rí mẹ́jọ, mi ò kà wọ́n.

Nígbà tí wọ́n dá mi sílẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ náà lọ bá Látífù tó ń tún fóònù àti rédíò ṣe nítòsí ọjà, mo sì rò fún un bí oòrùn àti fíríìsà Àlájà ṣe ṣe é. Ó tẹ bọ́tìnnì. Mẹ́jọ méjì péré ló yọ. Ibi tó yẹ kí ẹ̀kẹta wà, níwájú, ó mọ́ fínnífínní. Látífù wá fi àtàǹpàkò tẹ etí gíláàsì náà mọ́lẹ̀. Mẹ́jọ kẹta yọ! Ó gbé ọwọ́ kúrò, mẹ́jọ náà lọ. Ó tún tẹ̀ ẹ́, ó dé.

Mo ní kí ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?

Ó ní omi kan wà láàárín gíláàsì méjì yẹn. Ó ń ṣàn bí omi, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀yọ inú rẹ̀ to ara wọn bí àwọn tó ń kírun ti ń tò sórí ìlà ní mọ́sálásí. Ìtò wọn sì lọ́ díẹ̀díẹ̀ láti gíláàsì kan dé èkejì, bí okùn. Ìmọ́lẹ̀ ń bá wọn lọ́, ló fi ń rí ọ̀nà kọjá, tí ojú ẹ̀rọ fi mọ́. Bí iná bátìrì bá dé ibì kan, àwọn tó wà níbẹ̀ á dìde dúró ṣánṣán. Ìmọ́lẹ̀ ò ní rí ẹni tẹ̀ lé mọ́, awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ gíláàsì á dí i lọ́nà, ibẹ̀ á dúdú. Dúdú yẹn ni nọ́ńbà tí à ń kà.

“Ooru wá ńkọ́?”

Ó mú ẹ̀rọ ìṣirò àtijọ́ kan, ó gbé irin gbígbóná tó fi ń jó òjé sún mọ́ ojú rẹ̀. Dúdú tàn kálẹ̀ bí àdán tó na ìyẹ́! Ó ní bí ooru bá pọ̀ jù, ìtò á tú, kálukú á gba ọ̀nà tirẹ̀ bí èrò ọjà tí òjò ká mọ́ta. Ó gbé irin kúrò, dúdú náà sì ń sún padà díẹ̀díẹ̀. Ó wá gbé e lé orí ọ̀rá omi dídì. Nọ́ńbà ṣì ń yọ, ṣùgbọ́n ó ń fà bí arúgbó tó ń dìde lórí ẹní.

Mo ní, “Ooru ló ba tèmi jẹ́ nígbà náà.”

“Rárá o, Ìyá. Ooru ti dárí jì yín. Bẹ́ ẹ bá gbé e síbòòji lásán, ojú rẹ̀ á mọ́. Fíríìsà Àlájà ni! Ìrì sẹ̀ sínú rẹ̀, ó ba ọ̀nà tí iná ń gbà dé ibi nọ́ńbà àkọ́kọ́. Àwọn tó wà níbẹ̀ ń retí iná. Iná ò dé, wọn ò dìde.”

Ó wá sọ pé ẹ̀rọ náà máa ń pa gbogbo ohun tó bá wọ̀n mọ́ sínú. Ó fi àtàǹpàkò tẹ gíláàsì náà mọ́lẹ̀, ó ń yí i padà sẹ́yìn níkọ̀ọ̀kan.

482.

371.

364.

368.

Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ẹ̀rọ náà ò purọ́ fún mi rí! Láti ọjọ́ kìn-ín-ní ló ti mọ̀ pé mo ń kú lọ. Ojú rẹ̀ ni kò lè sọ ọ́. Èmi sì ń dá a lóhùn pẹ̀lú oyin.

Èmi kì í ṣe dókítà, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé èmi ni mo ní kó ṣe báyìí tàbí báyẹn. Ohun tí mo mọ̀ ni mo ń sọ. Ẹ má ṣe fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ sóòrùn. Ẹ má sì gbé e sí fíríìsà. Bí ohun tó ń sọ kò bá bá bí ara yín ṣe ń ṣe yín mu, ara yín ni kẹ́ ẹ gbọ́, kẹ́ ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ẹ má dá oògùn yín dúró fúnra yín bí èmi ti ṣe.

Mo ti ra òmíràn. Mo máa ń ka mẹ́jọ rẹ̀ sókè báyìí, Bàbá Bísí sì máa ń bi mí láti ìta bóyá àwọn ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti jí. Ó lè máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣé irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí ẹnì kan nínú yín rí? Ẹ̀rọ wo ló fi ojú hàn yín tí kò fi inú hàn? Ẹ sọ ọ́ fún wa níbí, ó lè gba ẹnì kan là. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ní irú ẹ̀rọ yìí nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde nísinsìnyí kẹ́ ẹ lọ tẹ bọ́tìnnì rẹ̀. Èmi ti dìde lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó parí ọ̀rọ̀ yìí.

Mélòó lẹ rí?