Ẹ̀yìnkùlé Tí Mo Ṣe Lọ́ṣọ̀ọ́ De Bàbá Àmínà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi tí ẹ máa ń ka ohun tí mo bá kọ síbí, ẹ wá jókòó, ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí ní Iléyá tó kọjá. Ẹ máa rẹ́rìn-ín o, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ọ dópin.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé kọ́tìnì ni mò ń rán ní Ṣàngótẹ̀dó. Ilé ẹni ẹlẹ́ni ni mo máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́, láti Ajah títí dé Lẹ́kí. Ilé tèmi ńkọ́? Kọ́tìnì pálọ̀ mi ti ṣá, mi ò sì ráyè pààrọ̀ rẹ̀.

Ọkọ mi, Bàbá Àmínà, ń lẹ táìsì sí ilẹ̀ àti ara ògiri ilé. Ìwó la ti wá. Nígbà tí a kọ́kọ́ dé, sáìtì kan ní Lakowe ló ti ń ṣiṣẹ́, ojoojúmọ́ ló sì ń wálé. (Ẹ má bínú pé mò ń pè é ní "ó" níbí o. Tí mo bá wà níwájú rẹ̀, "ẹ" ni.) Ẹ̀yin tí ọkọ yín jẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ máa mọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí: ọkọ mi kì í gba iwájú wọlé. Ẹ̀yìnkùlé ló ń gbà. Ibẹ̀ ló ti máa bọ́ aṣọ iṣẹ́ kọ́ sórí ìṣó, á fọ ẹsẹ̀ àti apá rẹ̀ tó kún fún sìmẹ́ǹtì lábẹ́ ẹ̀rọ omi, kó tó gba ilẹ̀kùn ìdáná wọlé. Tí mo bá ti gbọ́ tí omi ń dà lẹ́yìn, màá bẹ̀rẹ̀ sí í bu oúnjẹ. Mi ò nílò aago.

Ìgbà tó yá, ọ̀gá rẹ̀ gba iṣẹ́ ńlá kan ní Àbújá, ó sì kó wọn lọ. Wọ́n ní fún ìgbà díẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ìgbà díẹ̀ àwọn tó ń kọ́lé? Iléyá kan kọjá, òmíràn tún kọjá. Ó ń tọ́jú wa láti ibẹ̀ o, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àárò rẹ̀ ń sọ mí débi pé mo máa ń rán Àmínà, ọmọ wa, pé kó lọ ṣí ẹ̀rọ omi yẹn, kí n kàn lè gbọ́ ìró rẹ̀ láti inú ìdáná. Ọmọ náà á ní, "Mọ́mì, kí ni mo fẹ́ fọ̀?"

Ohun tó wá já mi láyà ni pé lórí fóònù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí pé, "Ṣé iná wà nílé yín?" Ilé yín kẹ̀? Mo kàn ń bi ara mi pé ṣé kì í ṣe pé ọkọ mi ti ń di àlejò mọ́ mi lọ́wọ́ báyìí.

Nígbà tó wá ní òun ń bọ̀ wá ṣe Iléyá lọ́dọ̀ wa, inú mi dùn, ẹ̀rù sì bà mí. Mo fẹ́ kó dé kó mọ̀ pé ilé òun lòun wá. Mo wo pálọ̀, mo wo iwájú ilé. Ibẹ̀ ni gbogbo ayé máa ń ṣe lọ́ṣọ̀ọ́ tí ọdún bá dé. Mo ní rárá, ẹ̀yìnkùlé ni màá ṣe.

Àǹtí Bísí, aládùúgbò mi tó máa ń so iná wínníwínní kọ́ ara fẹ́ǹsì rẹ̀ tó bá di Kérésìmesì, fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní, "Ìyá Àmínà, who dey decorate backyard? Ta ló fẹ́ rí i níbẹ̀, àbí àwọn ọ̀pọ̀lọ́ lẹ fẹ́ ṣe party fún?" Mo ní ẹni tó máa rí i á rí i.

Kò le rárá. Àwọn aṣọ tó ṣẹ́kù lára kọ́tìnì tí mo gé, mo dì wọ́n bí ẹni ń dirun, mo ta wọ́n láti ibi ẹ̀rọ omi dé ilẹ̀kùn ìdáná. Mo fi òwú aláwọ̀ góòlù we ìṣó tí ọkọ mi máa ń kọ́ aṣọ sí, mo sì fi táwẹ́ẹ̀lì tuntun kọ́ sórí rẹ̀. Àwọn ìgò mínírà tó ṣófo, mo fọ̀ wọ́n, mo tò wọ́n sórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Àmínà gé òṣùpá àti ìràwọ̀ láti ara páálí, a lẹ̀ wọ́n mọ́ fèrèsé ìdáná. (Tí ẹ bá fẹ́ ṣe irú rẹ̀ nígbà òjò, ẹ fi àbẹ́là ra ara páálí náà, omi ò ní tètè bà á jẹ́.)

Síbẹ̀, ara ògiri ṣì rí gbẹrẹfu. Ni mo bá lọ gé ewé ìyeyè lópin àdúgbò wa, mo dì í ní ìdì ìdì, mo so ó kọ́ gbogbo ara ògiri. Ó tutù yọ̀yọ̀. Mo dúró, mò ń wò ó, omi bọ́ lójú mi.

Ẹ̀yin Mùsùlùmí tó wà níbí ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Ẹ mọ ẹni tó ni ewé ìyeyè.

Mi ò rántí àgbò rárá! Lọ́dọọdún, iwájú mọ́ṣáláṣí làwọn ará àdúgbò wa máa ń so àgbò wọn pọ̀ sí, ibẹ̀ lọkàn mi wà. Nígbà tí ọdún ku ọ̀la, mo lọ fi kọ́tìnì kọ́ fún oníbàárà kan ní Lẹ́kí. Ẹ̀yìn mi ni ọ̀rẹ́ ọkọ mi gbé àgbò tí ọkọ mi ní kó bá òun rà dé. Òjò ti sọ iwájú mọ́ṣáláṣí di odò. Ó bi Àmínà pé ibo lòun lè so ó mọ́, ọmọ sì nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé.

Kí n tó dé, àgbò ti jẹ ewé tán pátá. Ó ti fa aṣọ já, ọ̀kan há mọ́ ọn níwo, ó sì ti gbá àwọn ìgò dànù. Ó ń wò mí, ó ń jẹ àpọ̀jẹ rẹ̀ lọ. Mo jókòó sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an ni ọkọ mi ní òun máa dé. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wá ìgbálẹ̀ ni mo gbọ́ tí wọ́n ń kan ilẹ̀kùn iwájú. Mo rò pé Àǹtí Bísí ni. Ọkọ mi ni. Ó wọ aṣọ mímọ́, ó gbé báàgì dání, ó dúró síta ilé ara rẹ̀, ó ń retí kí wọ́n ní kó wọlé. Èyí dùn mí ju ti ewé lọ.

Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó jókòó sétí àga, ó ń yin ilé pé ó mọ́, ó sì bi mí pé ibo lòun lè gbé báàgì òun sí. Lẹ́yìn náà ló béèrè àgbò. Kí n tó ronú irọ́ tí màá pa, ó ti jáde sẹ́yìn.

Ó wo ìṣó, ó wo aṣọ tó já, ó wo òṣùpá onípáálí. Ó ní, "Ìyá Àmínà, kí lo ń ṣe níbí?"

Mo ní, "Ẹ̀yin ni mo ṣe é dè. Ibí lẹ máa ń gbà wọlé. Mi ò fẹ́ kí ẹ gbàgbé. Àgbò yín ló jẹ ẹ́."

Ẹ̀rín bú jáde lẹ́nu rẹ̀. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, kò lè wojú mi. Ó ká ṣòkòtò rẹ̀ sókè, ó ṣí ẹ̀rọ omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ẹsẹ̀. Kò sí sìmẹ́ǹtì kankan lẹ́sẹ̀ ọ̀hún. Mo sáré wọ ìdáná lọ bu oúnjẹ.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí a ti dúńbú àgbò, tí a sì ti pín ẹran, ó wọ aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́, ó fa àpò àfọ́kù táìsì kan jáde lábẹ́ táǹkì omi. Òun ló kó o síbẹ̀ kó tó lọ Àbújá, mi ò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dà á nù. Ó po sìmẹ́ǹtì, ó ń lẹ àfọ́kù náà yí ẹ̀rọ omi ká, pupa, funfun, búlúù. Àǹtí Bísí wá wò ó, ó ya fọ́tò, ó ní, "Bàbá Àmínà, ẹ bá mi ṣe tèmi náà now."

Ó wá ku àyè kékeré kan nísàlẹ̀, tó tó àtẹ́lẹwọ́. Táìsì ṣì wà nílẹ̀, sìmẹ́ǹtì ò tíì tán, ó bá dìde, ó ń fọ irinṣẹ́ rẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́ kó parí rẹ̀, ọ̀la ló ń padà sí Àbújá. Ó ní, "Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá níṣẹ́ tí kò tíì parí nílé ara rẹ̀, kì í pẹ́ lájò."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde lọ.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ rèé. Tí ọdún bá ń bọ̀, ẹ má ṣe ibi tí àlejò máa jókòó sí nìkan lọ́ṣọ̀ọ́. Ẹ wo ibi tí ẹni yín máa ń gbà kọjá, ibi tó máa ń dúró sí, ibi tó ń fọwọ́ kàn. Aṣọ àti páálí lásán ti tó. Ewé ìyeyè nìkan ni kí ẹ yàgò fún.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ibo nínú ilé yín lẹ máa ń wò tí àárò ẹnìkan bá ń sọ yín? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ gbọ́. Àǹtí Bísí ní kí n wá ẹnìkan lẹ táìsì sí àyè tó ṣófo yẹn, pé ó ń ba ẹwà ibẹ̀ jẹ́. Mo sọ fún un pé àyè náà ní ẹni tó ni ín.